Elégédé Tí Yúhímù Gbé

Bàtà Yúhímù lẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se ṣúgà. Ibẹ̀ ni Lukíyà, ọmọbìnrin tó ń bójú tó ìkòkò náà, ti kọ́kọ́ rí i.

Mẹkáníìkì ni Yúhímù ní iléeṣẹ́ ṣúgà náà. Ó wá tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe, kò wo ilẹ̀, ó sì tẹ omi ṣúgà tó dà sílẹ̀. Nígbà tó fẹ́ gbé ẹsẹ̀, bàtà kọ̀.

"Má fà á," ni Lukíyà sọ láti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. "Ìsàlẹ̀ ẹ̀ á ṣí kúrò. Yọ ẹsẹ̀ ẹ, fi bàtà sílẹ̀, màá da omi gbígbóná sí i."

"Kí n wá máa fi ìbọ̀sẹ̀ rìn níwájú àwọn ọmọọṣẹ́ mi?"

"Ìbọ̀sẹ̀ ọ̀hún gan-an á ti lu. Wọ́n á rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín."

Ó yọ ẹsẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ yọ jáde lójú ihò ìbọ̀sẹ̀ lóòótọ́. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Yúhímù ti ń pè é ní Oníṣúgà mi.

Lukíyà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní iléèwé gíga ní Kíyéfù, olú ìlú wọn, ni, níbi tó ti kọ́ ìmọ̀ kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà. Ìjọba ló ń pín àwọn tó bá jáde síbi iṣẹ́ nígbà yẹn, ìlú kékeré yìí ní agbègbè Pódílíà ni wọ́n sì pín in sí. Ó wọ̀ sílé opó kan, Màmá Motíríà. Nírọ̀lẹ́, ó máa ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìwé. Yúhímù máa ń jókòó síwájú, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́.

"Ìwọ, kí lo wá kọ́ níbí?" ni Lukíyà bi í.

"Mo wá kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi ìka méjì mọ̀ pé omi ṣúgà ti tó."

Lukíyà mú omi ṣúgà tó ki díẹ̀ sáàárín ìka méjì, ó rọra yà wọ́n, ó sì fà bí òwú. Ó fi sí ìka Yúhímù náà.

"Bí òwú yìí bá gùn tó báyìí kó tó já, àsìkò ti tó. Ìgbà yẹn la máa da ìyẹ̀fun ṣúgà bíńtín sí i, gbogbo ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di hóró. Bó o bá kúrò níbẹ̀ lásìkò yẹn, o ti bà á jẹ́."

Ìka Yúhímù lẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó fà á kúrò.

Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Kò sí àlàyé mìíràn níbẹ̀.

Màmá Odáríkà, ìyá Yúhímù, ni kò fẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí.

"Ìyàwó tí kò mọ ìgbà tó máa délé, ṣé ìyàwó nìyẹn?" ló máa ń sọ. "Kíyéfù lojú ẹ̀ wà. Á kó ẹ lọ, èmi á wá jókòó ti adìẹ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni Yúhímù á wí. Níwájú ìyá rẹ̀, kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ó bẹ̀ ẹ́ títí, obìnrin náà gbà. Wọ́n mú ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ọ̀wàrà láti wá tọrọ Lukíyà. Ní ìlú wọn, alárinà máa ń gbé búrẹ́dì wá sílé ọmọbìnrin. Bí ọmọbìnrin bá gbà, á so aṣọ ìnura tó ti ṣọnà sí mọ́ wọn lára. Bí kò bá gbà, á gbé elégédé lé ọkùnrin náà lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbé elégédé jáde, gbogbo àdúgbò á ti mọ̀ pé wọn ò fẹ́ ẹ, ẹ̀sín rẹ̀ kì í sì í tán bọ̀rọ̀.

Lukíyà fi òwú pupa ṣọnà sí aṣọ ìnura tirẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n ṣe.

"Ṣé àkùkọ lèyí àbí ìgò ọtí?" ni Màmá Motíríà bi í.

"Àkùkọ ni, Màmá."

"Ọlọ́run á gbà á bẹ́ẹ̀."

Sátidé yẹn náà ni Lukíyà ń dán ọ̀nà tuntun wò, láti tún rí ṣúgà nínú omi dúdú tó máa ń kù sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń dà fún màlúù. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Kíyéfù ń retí àbọ̀. Ó rò pé ó máa tán lọ́sàn-án. Ó ń fi ìka mú omi náà wò, kò fà. Ó tún mú un, kò fà.

Yúhímù yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó ti fi òróró sírun.

"Ìrọ̀lẹ́ ni o, Oníṣúgà mi. Má dójú tì mí."

"Màá ti délé kí wọ́n tó jókòó."

Nígbà tó yá, Hálínà, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ní, "Máa lọ. Màá dúró tì í."

"O ò mọ̀ ọ́n."

"Bó bá bàjẹ́, wàá tún un ṣe lọ́jọ́ Ajé!"

Lukíyà kò lọ. Kò sẹ́ni tó dè é mọ́lẹ̀. Ó kàn rò pé ẹni tó fẹ́ràn òun á lè dúró díẹ̀ de òun.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí omi náà tó fà. Ó da ìyẹ̀fun sí i, hóró yọ, ó dára ju bó ti rò lọ. Ó sáré lọ sílé.

Búrẹ́dì kò sí lórí tábìlì. Màmá Motíríà jókòó, aṣọ ìnura wà lórí itan rẹ̀.

"Wọ́n dà?"

"Wọ́n ti lọ."

"Ẹ ò ní kí wọ́n dúró ni?"

"Mo bẹ̀ wọ́n. Mo bu ọbẹ̀ fún wọn. Àwọn alárinà ń jẹun ní tiwọn, wọn ò bínú. Màmá Odáríkà ni kò fọwọ́ kan ṣíbí. Ó dìde, ó mú elégédé kan nínú èyí tí mo kó jọ sábẹ́ fèrèsé, ó gbé e lé ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, 'Gbà, ìdáhùn ẹ̀ nìyẹn.'"

"Èmi kọ́ ni mo fún un!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Yúhímù ńkọ́? Kí ló ṣe?"

Màmá Motíríà ká aṣọ náà, ó tún tú u.

"Ó gbé e."

"Ó gbé e lọ síbo?"

"Sílé wọn. Ojú títì ló gbé e gbà. Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo ayé wà."

Lukíyà kò bọ́ kóòtù iṣẹ́. Ó lọ dúró sẹ́nu géètì wọn títí Yúhímù fi jáde.

"Ìyá ẹ ló fún ẹ, èmi kọ́."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀? Kí ló dé tó o fi gbé e?"

"Ìyá mi ni. Ṣé kí n jù ú sí wọn lẹ́sẹ̀ ni? Ìwọ náà ńkọ́? Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó o wá."

"Mo ti dé báyìí. Jẹ́ ká pe àwọn alárinà padà lọ́la."

"Gbogbo èèyàn ti rí mi. Àwọn ọmọdé ti ń pè mí ní Baba Elégédé. Bí mo bá tún padà sẹ́nu ọ̀nà yẹn, wọ́n á ní mi ò lójútì."

"Èmi àbí ẹnu wọn, èwo lo fẹ́?"

Ó bojú wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ dúró lójú fèrèsé.

"Lukíyà, jọ̀ọ́," ló wí.

Ní ìgbà òtútù ọdún náà, Yúhímù fẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Lukíyà padà sí Kíyéfù. Ọ̀nà tuntun náà ṣiṣẹ́, iléeṣẹ́ mìíràn gbà á lò, iléèwé rẹ̀ sì sọ ọ́ di olùkọ́, lẹ́yìn náà di ọ̀jọ̀gbọ́n. Gbogbo èèyàn ló yìn ín. Nírọ̀lẹ́, á lọ sílé, á jẹun lóun nìkan.

Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti fi ìka fa omi ṣúgà. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó jọ ìfẹ́ o. Bí àsìkò bá kọjá, ó bàjẹ́."

"Kò jọ ọ́," ni Lukíyà wí. "Omi ṣúgà tó bàjẹ́, wàá da omi gbígbóná sí i, á yọ́, wàá tún un sè. Dojú kọ iṣẹ́ ẹ."

Ó ti darúgbó kí Yúhímù tó wá. Ó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, irun funfun, àpò lọ́wọ́. Ó mú elégédé kan jáde nínú àpò náà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo dá a padà wá."

Ó hàn pé ó ti ń múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú irin. Lukíyà náà rẹ́rìn-ín, kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó po tíì fún un.

"Ìyá mi ti kú tipẹ́," ni Yúhímù wí. "Ìyàwó mi náà kú lọ́dún tó kọjá. Iléeṣẹ́ wa, wọ́n ti gé e tà bí irin àlòkù. Ilé wà níbẹ̀, ọgbà wà. Wá ká jọ lo èyí tó kù, Oníṣúgà mi."

"Ìgbà tí kò sẹ́ni lójú fèrèsé mọ́ lo tó wá sọ̀rọ̀."

"Mo fẹ́ràn ẹ látọjọ́ yẹn."

"Mo mọ̀. Èmi náà fẹ́ràn ẹ. Kí la rí fi ṣe?"

Lukíyà fọwọ́ kan apá aṣọ Yúhímù, ó tètè fa ọwọ́ kúrò. Ó dìde, ó gbé elégédé náà, ó nà án sí i.

"Gbà."

"Kí lèyí?"

"Ti ìjọ́sí, ìyá ẹ ló fún ẹ. Èyí, èmi ni."

Yúhímù gbà á. Ó wò ó, ó wo Lukíyà. Tábìlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àga wà. Ilẹ̀ wà. Lukíyà ti sọ ọ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé bó bá lè gbé e sílẹ̀, ibi yòówù kó gbé e sí, òun á ní kó jókòó, òun á bá a lọ. Lukíyà dúró, ó ń wò ó. Kò sọ èyí fún un.

"Ó dàbọ̀," ni Yúhímù wí. "Mo gbọ́."

Láti ojú fèrèsé, Lukíyà rí i níbi tí wọ́n ti ń dúró de tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn láàárín ìlú. Bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Yúhímù dúró, ó gbá elégédé náà mọ́ àyà. Nígbà tí tíráàmù dé, ó tún gbé e lọ.