Ayùn àti Àáké Nínú Kùrukùru

"Ẹ gbé ayùn wá! Ẹ gbé àáké wá!"

Khalfan fi gbogbo agbára kígbe sójú òkun. Ohùn tó ti ń ké "Ẹ gbà mí o!" láti inú kùrukùru àárọ̀ náà dákẹ́ lójijì.

"Òun náà ni," ni Ghanim, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, wí. "Bu Darya."

Kò sí apẹja kan ní ìlú Rams tí kò mọ Bu Darya. Àǹjọ̀nú òkun ni. A máa ké bí ẹni tó ń rì. Bí wọ́n bá fà á wọlé, á jẹ oúnjẹ wọn tán, á sì ri ọkọ̀ wọn. Ayùn àti àáké nìkan ló ń bẹ̀rù. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ kankan kì í kúrò ní èbúté láìkó méjèèjì.

Afra, àbúrò Ghanim lóbìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló ń tukọ̀. Ìsinmi ilé-ìwé yìí ni bàbá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà fún un láti máa tukọ̀, àdéhùn wọn sì ṣe kedere: lọ́jọ́ tó bá ṣàìgbọràn lójú omi, ó parí nìyẹn.

"Yí ọkọ̀ padà," ni Khalfan wí. "Àwọn ìgèrè tó kù, a ó fà wọ́n lọ́la."

Afra wo iwájú. Funfun ni gbogbo ayé. Kò sí òkè, kò sí ilẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Bàbá, bó bá jẹ́ èèyàn ńkọ́? Bó bá ṣe èmi ni mò ń rì, tí mo gbọ́ pé wọ́n ń béèrè ayùn, èmi náà á panu mọ́."

Ghanim rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ lọ́yà! Kó wá jẹ ìrẹsì wa tán, kó tó fi ìwọ panu?"

"Ìbẹ̀rù ejò ni kì í jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀," ni Khalfan wí. "Yí i padà, Afra."

Afra pa ẹ́ńjìnnì. "Bàbá, ẹ lè má jẹ́ kí n tukọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè lọ láìwò ó." Ó kígbe: "Ta nìyẹn? A ò ní pa ọ́ o! Dáhùn!"

Kẹ́kẹ́ pa. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan wúkọ́.

Wọ́n bá a níbi tó ti dì mọ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo: Mofiz, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Bangladesh, alágbàṣe inú ọkọ̀ mìíràn, tó já bọ́ sómi ní ìdájí. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Ọ̀gá, mo gbọ́ ayùn. Mo rò pé ẹ fẹ́ gé mi ni."

Khalfan fà á wọnú ọkọ̀. Ó bọ́ aṣọ tirẹ̀, ó fi bò ó.

Ìgbà náà ni ohùn ké láti ìhà kejì: "Ẹ gbà mí o!"

Gbogbo wọn wo Mofiz. Ẹnu rẹ̀ pa dé. "Èmi nìkan ni mo já bọ́," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Ghanim na ọwọ́ sí àáké. "Fi sílẹ̀," ni Khalfan wí. "A ó wò ó náà."

Wọ́n wá a títí. Bí wọ́n bá ti dé ibi tí ohùn náà wà, á tún ti jìnnà síwájú. Nígbà tí oòrùn jó kùrukùru náà tán, òkun tẹ́ pẹrẹsẹ dé etí ọ̀run, kò sí ẹyẹ kan níbẹ̀. Níwájú wọn, omi ń yí po jẹ́jẹ́, ó fẹ̀ tó àgbàlá mọ́sálásí, kò sì sí afẹ́fẹ́. Ó yí, ó yí, ó pa dé.

Ghanim kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

Ní èbúté, Khalfan wo ọmọbìnrin náà. "O ṣàìgbọràn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Àdéhùn ni àdéhùn. O ò ní tukọ̀ mọ́ títí ìsinmi yìí á fi parí." Ó so okùn ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀. "Bí ìsinmi mìíràn bá dé, máa bọ̀. Ẹ̀rù ni ó jẹ́ kí n fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Afra fi omijé sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò kábàámọ̀. Láti ọjọ́ náà, ayùn àti àáké ṣì wà nínú ọkọ̀ Khalfan, okùn gígùn kan fún ẹni tó bá ń rì sì wà lórí wọn. Ohun burúkú wà lókun, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ké, ẹ kọ́kọ́ wò ó kí ẹ tó bẹ̀rù rẹ̀.