Ọ̀pẹ̀yìnbó Tó Yí Wọlé

Èèyàn mélòó lẹ ti rí tó máa ń yí ọ̀pẹ̀yìnbó nílẹ̀ kó tó rà á? Mariyah ò rí irú rẹ̀ rí, láti ọdún mẹ́fà tó ti ń ta èso ní ọjà Sandgrouse. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú àtẹ rẹ̀, ó rọra ti ọ̀kan, ó sì ń wò ó bó ṣe ń yí lọ, bí ẹni ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Kò gbóòórùn rẹ̀, kò sì tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé bọ́ọ̀lù lẹ fẹ́ rà ni?"

Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú. Ọ̀gá mi ló ní kí n wá èyí tó máa yí dáadáa, tí ewé orí rẹ̀ sì pé. Wọ́n fẹ́ kó lọ sílé tuntun."

"Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ jẹ ẹ́?"

"Wọn ò ní jẹ ẹ́. Wọ́n máa yí i wọlé ni."

Mariyah bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló sì kó bá a, nítorí kó tó rẹ́rìn-ín tán, ó ti bẹ ọ̀kan fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ pàápàá.

Haleem lorúkọ ọkùnrin náà, oníṣẹ́ iná, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ṣọ́ọ̀bù obìnrin ará Ṣáínà kan tó ń ta gílóòbù àti wáyà ní Ìdúmọ̀tà ló ti ń ṣiṣẹ́. Àǹtí Lín ni gbogbo ọjà ń pe obìnrin náà. Lọ́dọ̀ tiwọn ní Ṣáínà, èèyàn kì í fọwọ́ lásán wọ ilé tuntun. Wọ́n á gbé ìrẹsì tó kún ike dẹ́nu wọlé, wọ́n á wọ́n iyọ̀ sí kọ̀rọ̀ yàrá, wọ́n á fi aṣọ pupa kọ́ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á wá yí ọ̀pẹ̀yìnbó wọlé, kí ire lè yí tẹ̀lé e.

Lọ́jọ́ kejì, Haleem tún dé.

"Ṣé wọ́n ti kó lọ sílé tuntun náà?"

"Rárá o, wọn ò tíì kun ún tán. Ojú yín ni mo wá wò."

Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti jẹ ọ̀pẹ̀yìnbó débi pé ahọ́n ń ta á. "Mariyah mi," ló wí lọ́jọ́ kan, "ṣé o ò lè máa ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni? Ìfẹ́ yìí fẹ́ bó mi lẹ́nu." Ẹ̀jẹ̀ wọn ti bára mu, ó ti tán.

Àlàájà Mùtíátù, ìyá Mariyah, tó ń ta ìrẹsì ní ìlà kan náà, kò rí wàhálà kankan lára ọmọkùnrin náà, àfi ọjọ́ tí Àǹtí Lín wá kó lọ sí fúláàtì tuntun náà nítòsí Igbosere. Haleem ní kí Mariyah wá bá àwọn kẹ́rù. Mariyah gbàgbé ìrẹsì tí Àǹtí Lín rà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ sí ọjà, ìyá náà sì gbé e tẹ̀lé e. Bí Àlàájà ṣe gun àtẹ̀gùn dé òkè, ohun tó rí rèé: aṣọ pupa lẹ́nu ọ̀nà, iyọ̀ ní kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Haleem bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìwọ bàtà, ọ̀pẹ̀yìnbó sì ń yí bọ̀ wá síbi ẹsẹ̀ Mariyah.

"Áúsùbílláì! Wọ́n fẹ́ fi ọmọ mi ṣoògùn owó!"

Ó sọ ìrẹsì sílẹ̀, ó fa Mariyah lọ́wọ́, ó di ìsàlẹ̀.

Haleem ṣàlàyé, ó ṣàlàyé, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Àlàájà ò gbọ́. "Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi ti wolé, aṣọ pupa ni mo rí."

Mariyah sunkún títí ojú rẹ̀ wú. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́, ìyá yìí nìkan ló tọ́ ọ. "Haleem, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi ò bá gbọ́wọ́ sókè ṣàdúrà fún wa, mi ò lè wọlé rẹ."

"Èmi náà ò fẹ́ ẹ láìsí àdúrà wọn. Mo ti gba yàrá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Màá tì í pa. Mi ò ní dá wọ̀ ọ́."

Oṣù méjì ni yàrá náà fi wà ní títì.

Àǹtí Lín fúnra rẹ̀ ló wá sí Sandgrouse lọ́jọ́ kan, ó gbé ọsàn dání, ó sì kúnlẹ̀ síwájú Àlàájà. Ọdún mọ́kànlá ní Ìdúmọ̀tà ti fún un ní Yorùbá díẹ̀díẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Iyọ̀ yẹn, kílé dùn ni. Ìyá mi ló máa ń ṣe é. Ìyá mi ti kú. Mi ò lẹ́nìkan níbí, mo ní kí Haleem bá mi ṣe é."

Àlàájà gba ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rántí iyọ̀ tí ìyá tirẹ̀ fi tọ́ ọ lẹ́nu lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé Ìsàlẹ̀ Èkó.

"Ta ló wá ṣàdúrà fún ẹ lọ́jọ́ yẹn?"

"Kò sí. Ẹ ti lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Àlàájà wọra. "Áà! Dìde, ọmọ mi. Àlejò lójú, kò fi ń ríran. Èmi gan-an ni àlejò ọjọ́ náà."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n ránṣẹ́ pe Haleem kó wá ṣí yàrá rẹ̀. Ó bá Àlàájà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ike ìrẹsì, iyọ̀ àti ìgbálẹ̀ tuntun. Mariyah gbé ọ̀pẹ̀yìnbó dání lẹ́yìn rẹ̀. Àlàájà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Bìsìmílà," ó sì yí i wọlé.

Ọ̀pẹ̀yìnbó náà wọ́ lọ sápá kan, ó kọlu ògiri, ó dúró.

"Àlàájà," ni Haleem wí, "ẹ ò yan èyí tó ń yí dáadáa."

"Màá gbá ẹ létí! Ìyàwó ẹ ló yàn án."

Mariyah gbójú sókè. Ìyàwó ẹ! Omi bọ́ lójú Mariyah, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó sì fẹ́ tẹ̀lé ọ̀pẹ̀yìnbó wọlé.

Ìyá rẹ̀ nawọ́ dí i lọ́nà. "Ìwọ, dúró níta. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni nìkáà, ọjọ́ ìgbéyàwó yín. Ọjọ́ náà lo máa wọlé."

Àlàájà gbọ́wọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mariyah fara ti ẹnu ọ̀nà níta níbẹ̀, ó ń wo Haleem nínú ilé, ó ń ṣe àmín, àmín, àmín.