Pátákó Tó Lé Aláìsàn Sá

Inú Ayàwòrán dùn láàárọ̀ ọjọ́ náà ju inú ọmọ tí wọ́n ra bàtà tuntun fún lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ya àwòrán ilé kí bíríkìlà tó fọwọ́ kan bíríkì, òun sì ni ìgbìmọ̀ àdúgbò yàn pé kó ya àwòrán Ojúkò Ìlera tí wọ́n fẹ́ kọ́.

Àdúgbò wọn ń gbòòrò. Ibi tó jẹ́ pápá lánàá ti di òpópónà lónìí, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ara kò bá ilé dàgbà. Ẹni tí orí bá ń fọ́ yóò rí dókítà nísàlẹ̀ ìlú, yóò wọkọ̀ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lókè ìlú, yóò tún wọ òmíràn lọ wá oògùn. Kó tó parí ìrìn àjò náà, ẹsẹ̀ náà á ti máa dùn ún. Ìfiṣòfò gbáà ni. Ohun tí ìgbìmọ̀ ń fẹ́ ni pé kí dókítà, àyẹ̀wò, oògùn, ìtọ́jú aboyún àti abẹ́rẹ́ àjẹsára wà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo.

"Màámi, ẹ múra, a ti ń pẹ́," ni Ayàwòrán ké sí ìyá rẹ̀.

Ìyá, aránṣọ tí gbogbo àdúgbò mọ̀, jáde láti yàrá. Ó fọwọ́ ti ògiri díẹ̀ kó tó dúró dáadáa.

"Ṣé òòyì ń kọ́ yín ni?"

"Kò sí wàhálà." Èsì rẹ̀ sí ohun gbogbo nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Kò-sí-Wàhálà.

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́?"

"Èwo nínú rẹ̀? N kò lò ó mọ́. Ara mi le. Ṣé ẹni tí ebi ò pa máa ń jẹun ni?"

Ayàwòrán fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n àwọn pátákó rẹ̀ ń dúró dè é nínú ọkọ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀nà kan wà tó ń gbà ṣiṣẹ́. Kò gbà kí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé kankan lélẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn tí yóò lò ó ti kọ́kọ́ rìn nínú rẹ̀. Nítorí náà, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa gbogbo yàrá Ojúkò Ìlera sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbọ̀ngàn àdúgbò. Ìlà funfun ni ògiri, àlàfo ni ilẹ̀kùn. Ó to tábìlì àti àga sí yàrá kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé pátákó síwájú wọn, lẹ́tà gàdàgbà: ABOYÚN. OJÚ. Ẹ̀JẸ̀ RÍRU ÀTI ÀTỌ̀GBẸ. IKỌ́ Ẹ̀GBẸ. Wọ́n pe àwọn oníṣẹ́ ìlera láti ọsibítù pé kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan nínú ilé tí kò tíì sí.

Alága ìgbìmọ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ka pátákó kọ̀ọ̀kan sókè bí ẹni tó ń pe orúkọ ní kíláàsì.

"Ó dára!" ló wí. "Ẹni tó bá ṣìnà níbí, ó wù ú láti ṣìnà ni."

Àwọn èèyàn dé. Wọ́n ń fo ìlà ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn tí kò sí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Ayàwòrán fi ṣàkíyèsí ohun kan. Ìlà àwọn tó fẹ́ yẹ ojú wò ti gùn jáde sí ìta. Níwájú ẹ̀jẹ̀ ríru, Nọ́ọ̀sì nìkan ló jókòó, ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lé itan bí apẹja tí odò gbẹ mọ́ lójú. Ní ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, bíríkìlà kan ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ ni eruku bá bọ́ sí i lọ́fun. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Àyè ṣí fún un lọ́tùn-ún lósì.

"Eruku ni o!" ló ń pariwo. "Ẹ gbọ́, eruku sìmẹ́ńtì ni!"

"A ti gbọ́," ni obìnrin kan dáhùn, ó sì tún sún sẹ́yìn.

Ayàwòrán rí ìyá rẹ̀ lórí ìlà àyẹ̀wò ojú.

"Màámi, ẹ̀yin tí ẹ rí i láti òpin òpópónà pé bọ́tìnnì mi kan ti já?"

"Ojú náà ń fẹ́ àbójútó," ni ìyá wí, ó wo ibòmíràn.

Nígbà tó kàn án, ó ka lẹ́tà ara ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún ka orúkọ ilé ìtẹ̀wé tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá dìde láti dúpẹ́, ọ̀rọ̀ kò sì jáde. Ahọ́n rẹ̀ wúwo. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan sì wọ́ sílẹ̀.

"Ẹ bu omi fún un!" ni ẹnì kan ké.

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún un ní nǹkan kan!" Nọ́ọ̀sì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ìwọ̀nba omi yẹn lè gba ọ̀nà èémí lọ. Màámi, ẹ rẹ́rìn-ín fún mi." Ìdajì ojú ló rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé apá méjèèjì sókè." Ti òsì já wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì yíjú sí Ayàwòrán. "Rọpárọsẹ̀ ni. Ojú tó wọ́, apá tó rọ, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú rẹ̀, kó má dúró wo bí yóò ṣe rí lọ́la. Ẹ wo aago yín, dókítà yóò bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó yá, ọkọ̀ dà?"

Ọkọ̀ Alága ni wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù.

Wọ́n tètè dé, ìyẹn ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ọ̀rọ̀ padà sí ìyá lẹ́nu, ojú padà sípò. Ṣùgbọ́n àwọn ìka ọwọ́ òsì kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọn kò lè di aṣọ mú ṣinṣin lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́.

"Oògùn yín ló jẹ́ kí ara yín le," ni dókítà sọ fún un. "Ẹ wá dá a dúró nítorí pé ara le. Ó dà bí ẹni tó yọ òpó ilé nítorí pé òrùlé kò tíì wó. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kanlẹ̀kùn, Màámi. Èèyàn lè máa jó, kí àrùn náà máa ba iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ lábẹ́lẹ̀."

Nígbà tí wọ́n délé, Ayàwòrán jókòó ti ìyá rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ lásán lọ́jọ́ yẹn. Kí ló dé tí ẹ kò lọ bá a?"

"Lábẹ́ pátákó?" Ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ìwọ yìí, àwòrán lo mọ̀, o ò mọ èèyàn! Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, gbogbo ẹni tó bá kọjá ni yóò kí i. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ̀kọ́ ilé ni. 'Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé ó ti pẹ́? Ọlọ́run á wò yín sàn.' Ẹni kan á sọ fún ẹni kejì, òun náà á wá sọ pẹ̀lẹ́ tiẹ̀. Kí n tó délé, wọn á ti kí mi dé etí sàréè."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ayàwòrán, omijé sì tẹ̀ lé e. Òun ló kọ àrùn àwọn èèyàn sójú pátákó, tó wá ń yà á lẹ́nu pé wọ́n sá.

Ó padà sí gbọ̀ngàn, ó gbé àkísà tútù, ó nu ìlà rẹ̀ kúrò. Ó fa òmíràn. Ẹnu ọ̀nà kan, bẹ́ǹṣì kan. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ohun yòówù tó bá bá wá, wọn yóò wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó lọ síbi kankan: aboyún, ẹni tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́, káfíńtà tó wá tún ilẹ̀kùn ṣe. Àwọ̀ ṣọ́ọ̀kì ló fi sàmì sí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kò sí orúkọ àrùn. Ilẹ̀kùn yóò kọjú sí àgbàlá inú, kò ní kọjú sí òpópónà. Ẹni tó ń wúkọ́ yóò jókòó síbi tí fèrèsé ti tóbi. Oògùn yóò wà lójú ọ̀nà àtijáde, inú báàgì kan náà ni wọn yóò sì kó ti gbogbo èèyàn sí, kí ti ẹnì kan má yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn.

Alága kò gbà kíákíá. "Báwo lèèyàn yóò ṣe mọ ibi tó ń lọ?"

"Yóò bèèrè, wọn yóò sì mú un lọ. Ẹnu kì í ṣe fún oúnjẹ nìkan, sà."

Ní ọjọ́ tí àwọn èèyàn tún wá rìn nínú àwòrán tuntun náà, Alága ló kọ́kọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kó lè jẹ́ àpẹẹrẹ fún kíláàsì. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ní kó sinmi díẹ̀, ó tún un wọ̀n.

"Sà, ẹ bá mi kálọ sí ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé."

"Èmi?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Èmi tí mo ń sáré láràárọ̀?"

"Ẹ̀yin ń sáré, ẹ̀jẹ̀ yín náà ń sáré, sà."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Alága kò dìde. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ sá. Ìyá, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn tirẹ̀ tán, sún mọ́ ọn lórí bẹ́ǹṣì. Ó tẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí itan, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i, ó gbìyànjú láti pa ìka rẹ̀ dé. Wọn kò pa dé tán.

"Alága," ló wí, "ọwọ́ tí mo fi rán ṣòkòtò tí ẹ wọ̀ yìí nìyí. Kò lè rán òmíràn mọ́. Ojú ló tì mí. Ẹ dìde, ibì kan náà ni èmi náà ń lọ."

Wọ́n jọ wọlé. Kí ọjọ́ náà tó parí, kò sí àyè mọ́ lórí bẹ́ǹṣì náà, ẹ̀rín sì gba gbogbo gbọ̀ngàn kan. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, àwòrán kejì ni wọ́n fọwọ́ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò ilé ìlera ní àdúgbò yín, ẹ má ra bíríkì kí ẹ tó mọ ohun tó ń ti àwọn èèyàn yín lójú. Ilé tí aláìsàn kò lè wọ̀, owó àti sìmẹ́ńtì la fi ṣòfò. Ẹ̀yin tí dókítà ti fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ lò ó lónìí, yálà ara le tàbí ara ò le. Dókítà nìkan ló lè ní kí ẹ dá a dúró. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe wà, ẹ lọ wọ̀n ọ́n kí ọ̀sẹ̀ yìí tó tán. Bí a bá sì pàdé aládùúgbò wa níbi tó ti ń gba ìtọ́jú, kí a kí i, kí a má bèèrè ohun tó ń ṣe é.