Ọṣẹ Tí Ayọ̀dèjì Fi Dí Ẹ́ńjìnnì

"Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?" Ọ̀gá Bùràímọ̀ fi ìka ra abẹ́ ẹ́ńjìnnì alùpùpù náà, ó wo ìka, ó gbẹ táútáú. Ẹ̀rín bo ojú rẹ̀. "Ayọ̀dèjì, ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan ni, sà," ni Ayọ̀dèjì dáhùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò.

Èmi Àtinúkẹ́ aránṣọ wà níbẹ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo gbé máṣíìnì ìránṣọ mi sí, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ojú mi kì í tó. Ó ku ọdún díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira nígbà náà. Alùpùpù ò tíì wọ́pọ̀ ní Ẹdẹ, Ọ̀gá Bùràímọ̀ sì ni gbogbo àwọn tó ní i ń gbé e wá bá. Ayọ̀dèjì ni àgbà nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀la gan-an ló fẹ́ gba ìyọ̀ǹda, kí òun náà dá dúró bí ọ̀gá. Ìyá rẹ̀ ti pe gbogbo ẹbí jọ láti Alájùé.

Alùpùpù Tíṣà Ọlátúnjí ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ́ìlì ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣéènì rẹ̀ nítorí pé síìlì ti gbó. Síìlì yìí kò ju rọ́bà roboto kan lọ, òun ló ń dá ọ́ìlì dúró sínú ẹ́ńjìnnì. Tí kò bá dára, ọ́ìlì á ṣàn sórí ṣéènì, ṣéènì á fọ́n ọn sára táyà ẹ̀yìn, táyà á máa yọ̀, ẹni tó gun irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ti wọ gàù nìyẹn. Tíṣà ti ránṣẹ́ ra síìlì tuntun ní Ìbàdàn, ó sì ti dé.

Ohun tí Ọ̀gá ò mọ̀, tí èmi náà ò tíì mọ̀ nígbà náà, ni pé síìlì tuntun náà ti bà jẹ́. Ayọ̀dèjì fi ìkánjú gbá a ní òòlù dípò kó rọra tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó sì ya. Àyà ọmọ já. Ó rò ó pé bí Ọ̀gá bá gbọ́, ìyọ̀ǹda ọ̀la ti dòfo nìyẹn, ojú á sì ti ìyá òun. Ló bá dá síìlì ògbólógbòó padà, ó ki ọṣẹ ìfọṣọ yí i ká, ó nu gbogbo rẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹni tó ń gun alùpùpù láyé ìgbà náà ló mọ̀ pé bí táńkì bẹntiróò bá ń jò, ọṣẹ ni wọ́n fi ń dí i, á sì gbé wọn délé. Ṣùgbọ́n táńkì tutù, ẹ́ńjìnnì gbóná, ọṣẹ á yọ́ níbẹ̀. Ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ o! Ó kàn ń bẹ Ọlọ́run pé kó ṣáà di ọ̀tunla ni.

Ọ̀gá wá ní òfin kan: ẹni tó bá tún alùpùpù ṣe ni yóò jókòó sẹ́yìn òun nígbà tí òun bá ń dán an wò. "Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ó gùn ún, ẹ ò ní ṣe jákujàku," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

"Ó yá, gùn ún, ká dé Sẹ̀kọ̀nà ká padà."

Ayọ̀dèjì di ikùn mú. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, inú ń run mí gan-an ni."

"Inú rírun, lónìí?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ayọ̀ ìyọ̀ǹda ló ń dà ọ́ láàmú!"

Ìgbà yẹn ni Sìmbíátù, ìyàwó Ọ̀gá, jáde láti inú ilé. Ó pọn Ràṣídì, ọmọ ọwọ́ rẹ̀, sẹ́yìn. "Bàbá Ràṣídì, ṣé Sẹ̀kọ̀nà lẹ̀ ń lọ? Ẹ gbé mi dání, kí n lọ kí ìyá mi."

Ayọ̀dèjì la ẹnu. Mo rí i. Ó tún pa á dé. Sìmbíátù kó ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó, ó ní, "Ayọ̀dèjì, pẹ̀lẹ́ o, wá ẹ̀kọ gbígbóná mu." Alùpùpù bú, wọ́n lọ.

Òógùn bo ọmọkùnrin náà. Mo bi í pé, "Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?"

"Ìyá Aránṣọ, ọṣẹ ni o."

"Ọṣẹ wo?"

"Ọṣẹ ni mo fi dí i! Síìlì tuntun yẹn ti ya!"

Hàà! Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. "O sì jẹ́ kí obìnrin yẹn pọn ọmọ gùn ún?" Ayọ̀dèjì ti ki eré mọ́lẹ̀, ó ń ké, "Ọ̀gá! Ọ̀gá!" Ta ni yóò gbọ́? Èmi náà ká ìró sókè, mo sáré tẹ̀ lé e.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ìlú la ti bá wọn. Alùpùpù ti dojú dé sínú kòtò, táyà ẹ̀yìn ń dán fún ọ́ìlì. Ọ̀gá jókòó sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórúnkún rẹ̀. Sìmbíátù da ikùn délẹ̀, apá rẹ̀ kan ti yí sódì. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀já. Kò mira. Kò sunkún.

Ara mi tutù nini. Àgbẹ̀ kan tó ń ti oko bọ̀ ló tú ọ̀já, ó gbé ọmọ náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú. Lójijì ni ọmọ fi igbe ta. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo bú sẹ́kún.

"Ẹ̀bi mi ni," ni Ọ̀gá ń sọ fún àwọn èrò tó ti pé jọ. "Eré mi ló pọ̀ jù. Kì í ṣe alùpùpù. Ayọ̀dèjì ló tún un ṣe, mo sì mọ ọwọ́ ọmọ yẹn."

Ayọ̀dèjì dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. "Kì í ṣe ẹ̀bi yín, sà. Síìlì tuntun ya mọ́ mi lọ́wọ́. Ọṣẹ ni mo fi dí ti àtijọ́."

Mo rò pé Ọ̀gá yóò fọ́ ọ létí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wò ó títí bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Sùbùhánàlláhì! Ṣé síìlì kì í ya mọ́ èèyàn lọ́wọ́ ni? Èmi náà ba jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́." Ó nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣùgbọ́n o rí Sìmbíátù tó gun alùpùpù yẹn. O rí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. O sì dákẹ́?"

Kò sí ìyọ̀ǹda lọ́jọ́ kejì. Àwọn ẹbí tó ti Alájùé wá jẹun láìsọ̀rọ̀, wọ́n sì padà. Ó pẹ́ kí Sìmbíátù tó kúrò nílé àwọn tó ń to eegun, apá náà sì san, ṣùgbọ́n kò tún lè fi gbé nǹkan wúwo mọ́. Ọ̀gá kò lé Ayọ̀dèjì. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lákọ̀tun pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láràárọ̀, kó tó fọwọ́ kan irin, á ti pọnmi kún àmù Sìmbíátù. Ẹnikẹ́ni ò rán an.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ̀ ń ka èyí, ìtìjú ọjọ́ kan péré ni Ayọ̀dèjì ń sá fún. Bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́, ẹ tètè sọ ọ́. Bí ẹ bá sì ti kọ́kọ́ purọ́, kò tíì pẹ́ jù, ẹ ṣì sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó fara gbà á. Ayọ̀dèjì padà jẹ́wọ́ níwájú èrò rẹpẹtẹ. Ká ní ó jẹ́wọ́ níwájú Sìmbíátù nìkan, kí obìnrin náà tó jókòó, apá yẹn ì bá wà bó ṣe wà.