Ẹni Tó Jókòó Ti Ọwọ́-Àtè

Olè náà kò fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n. Kò wo apá ibi tí yẹtí góòlù wà. Ohun tó kó kúrò nílé Ìyá Ìbejì lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò ju kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn sílẹ̀, àti ìdì bébà tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Ìbejì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n já, àpò ọjà ṣì wà lápá rẹ̀, ó ń wo orí tábìlì tó ṣófo.

"Kí ni wọ́n kó?" ọkọ rẹ̀ bi í lórí fóònù.

"Ìwé mi. Baba Ìbejì, ìwé mi ni wọ́n kó lọ."

Akọ̀ròyìn eré ìdárayá ni obìnrin yìí. Ìwé tó ń sunkún rẹ̀ jẹ́ ìtàn ìgbésí ayé aṣọ́lé kan tí gbogbo ayé ń pè ní Ọwọ́-Àtè nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, torí bọ́ọ̀lù tó bá kàn án lọ́wọ́, bí ẹyẹ tó bà lé àtè ni. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìdíje àṣekágbá ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wọ́n sọ ọ́ lókò, wọ́n bú ìyá tó bí i. Ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin lábúlé, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò òun mọ́. Akọ̀ròyìn tó bá lọ síbẹ̀, ó máa ń lé wọn ni. Ìyá Ìbejì nìkan ló gbà láyè, ọdún gorí ọdún ló sì fi ń lọ jókòó tì í.

Ẹnì kan péré ló ti ka ìwé náà: olóòtú eré ìdárayá níléeṣẹ́ ìwé ìròyìn wọn, tí wọ́n ń pè ní Gègé. Òun ló kọ́ Ìyá Ìbejì níṣẹ́, òun náà ló sì kọ́kọ́ wá bá a kẹ́dùn.

"Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Tún òmíràn kọ."

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí yín ńkọ́?"

"Áà! Mo ti pa á rẹ́ lẹ́yìn tí mo kà á tán. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé olè ń bọ̀?"

Ó fọwọ́ gbá a léjìká, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo wọn wà ní yàrá ìròyìn, rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí fèrèsé. Wọ́n ń ka orúkọ àwọn ìwé tó dé ìpele ìkẹyìn nínú àmì-ẹ̀yẹ ìwé eré ìdárayá ti orílẹ̀-èdè. Wọ́n dárúkọ Gègé. Àtẹ́wọ́ sọ. Agbóhùnsáfẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀: "Kó tó sùn lálẹ́, á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí ìrọ̀rí, á máa wò wọ́n bí ẹni ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ ẹ́..."

Ìyá Ìbejì ka gbólóhùn tó tẹ̀ lé e síta kí rédíò tó dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ti rédíò bára mu rẹ́gí. Gbogbo yàrá yíjú sí i.

Ó wọlé tọ Gègé lọ ní ọ́fíìsì rẹ̀, kò kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ìwé mi nìyẹn."

"Ìwé ta? Ẹ̀rí ẹ dà?"

"Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́!"

"Rọra o. Ta ló kọ́ ẹ láti kọ gbólóhùn kan délẹ̀? Tí ọ̀rọ̀ rẹ bá jọ tèmi, ọ̀dọ̀ ta lo ti rí i?" Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Padà sẹ́nu iṣẹ́ kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ ẹ."

Ká sòótọ́, Gègé mọ̀wé kọ. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń pín àmì-ẹ̀yẹ yìí ló ń fojú sọ́nà fún un. Gbogbo ìgbà náà ló ń jókòó láàárín èrò, tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn títí àtẹ́lẹwọ́ á fi máa ta á. Nígbà tí Ìyá Ìbejì, ọmọbìnrin tó ti ń bá a gbé báàgì ní pápá ìṣeré, wá fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí i, inú rẹ̀ dùn ní ojú ewé àkọ́kọ́. Kó tó dé àárín, ohun kan ti ń jó o láyà bí ata. Irú ìwé tó ti ń lá látìgbà èwe rẹ̀ ni, ẹlòmíràn ló wá kọ ọ́, ẹni tó ń kí i ní ìkúnlẹ̀!

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n fi sídìí ẹ̀ ni Wọ̀ọ́rọ́. Kì í pariwo, kì í sáré, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yìí?"

"Orúkọ mi kọ́ lẹ rí lára ẹ̀?"

"Ẹ jókòó ti Ọwọ́-Àtè?"

"Títí ìdí fi ń ro mí."

"Bàbá ní obìnrin lòun bá sọ̀rọ̀."

Gègé rẹ́rìn-ín. "Arúgbó yẹn? Ọpọlọ ẹ̀ ti ń ṣe ségesège. Ó máa ń gbàgbé orúkọ ọmọ tó bí. Ẹ lọ béèrè."

Wọ́n lọ béèrè. Òótọ́ ni bàbá máa ń pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Ẹ̀rí rẹ̀ kò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Wọ̀ọ́rọ́ kò dúró. Ó rí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ náà lórí àtẹ ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe. Ohùn inú rẹ̀ ti pa rẹ́. Ẹni tó tà á fún un ni fọ́léfọ́lé kan tí wọ́n ń pè ní Ológbò. Wọ́n ká a mọ́lé. Ọlọ́pàá kan gbá a lẹ́wù mú lórí ògiri, Ológbò bọ́ nínú ẹ̀wù, ó fò sódì kejì. Ẹ̀wù ló kù lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ ìfúnni-lámì-ẹ̀yẹ ti dé tán. Wọ̀ọ́rọ́ lọ bá ìyá àgbà tó jẹ́ alága àwọn adájọ́ àmì-ẹ̀yẹ náà, ó bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Màmá ránṣẹ́ pe Gègé sí yàrá ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn kí ètò tó bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ ẹ ti dé láti abúlé," màmá wí. "Wọlé kí i, kí wọ́n ya yín ní fọ́tò."

Bàbá méjì ló wà nínú yàrá. Ọ̀kan ga, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tóbi bí abẹ̀bẹ̀. Ó dúró ṣanṣan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìkejì wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, aṣọ bò ó láti àyà dé ilẹ̀. Gègé kò tilẹ̀ wo onítọ̀hún lẹ́ẹ̀mejì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún èyí tó dúró, ó dìde, ó dì mọ́ ọn.

"Bàbá mi! Bàbá mi ọ̀wọ́n! Ṣé ẹ ò tíì gbàgbé mi?"

Bàbá náà fà sẹ́yìn. "Ọmọ mi, mi ò rí ẹ rí. Télọ̀ ni mí o. Ọmọ àbúrò mi ọlọ́pàá yìí ló ní kí n wá dúró síbí."

Ìyá Ìbejì jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kejì, ó kúnlẹ̀ síwájú kẹ̀kẹ́, ó ká aṣọ náà sókè. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá kò sí; wọ́n ti gé e láti orúnkún.

"Bàbá ní kí n má fi sínú ìwé," obìnrin náà wí. "Wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa rántí àwọn ní ìdúró. Ẹni tó bá jókòó tì wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, kò lè ṣàìmọ̀."

Wọ̀ọ́rọ́ yíjú sí Gègé. "Ọ̀gá, ta ló wá gbàgbé báyìí?"

Gègé já ilẹ̀kùn yàrá náà ṣí, ó ré kọjá láàárín àwọn tó ń to àga, ó gba ẹ̀yìnkùlé já síta. Ó ju agbádá sínú gọ́tà, ó bẹ́ sórí ọ̀kadà. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá fi máa dé ẹnu ọ̀nà, eruku nìkan ni wọ́n bá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ti gbọ́ ibi tó ní kí wọ́n gbé òun lọ.

Ní gáréèjì, ó wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, ó rọra fi fìlà bojú. Ọkọ̀ kò lọ.

"Dẹ́rẹ́bà, kí lẹ ń dúró dè?"

"Ó ku ẹyọ ẹnì kan, ọ̀gá."

Ẹyọ ẹni náà wọlé, ó jókòó ti Gègé wọ̀ọ́rọ́wọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọkọ̀ ti kún," Wọ̀ọ́rọ́ wí. "Àwa méjèèjì la máa sọ̀."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó jẹ́wọ́. Ó ní òun lòun rán Ológbò, ó sì sọ ibi tó sá pamọ́ sí. Wọ́n gbé Ológbò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àǹtí rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù Gègé, wọ́n bá kọ̀ǹpútà àti ìdì bébà náà, tó dì sínú aṣọ funfun bí ọmọ tuntun.

"Kí ló dé tí ẹ ò sun ún?" Wọ̀ọ́rọ́ bi í.

Gègé dorí kodò. "Mi ò lè sun ún. Ó dára jù." Ìgbà yẹn ló tó sunkún. "Mo ti ń kọ̀wé kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń di gègé mú. Kí ló dé tó fi jẹ́ òun?"

Wọ̀ọ́rọ́ kó ìdì bébà náà sápá, ó lọ pe Ìyá Ìbejì.

Wọ́n sún ètò náà síwájú. Ìgbà tí wọ́n padà ṣe é, orúkọ Ìyá Ìbejì ni wọ́n pè. Èrò tó kún gbọ̀ngàn dìde, wọn kò sì jókòó nígbà tí wọ́n ti kẹ̀kẹ́ Ọwọ́-Àtè jáde. Àwọn kan nínú wọn ti dàgbà tó láti wà lára àwọn tó sọ ọ́ lókò nígbà náà. Bàbá wo gbogbo wọn títí. Obìnrin náà gbé àmì-ẹ̀yẹ sórí itan rẹ̀, bàbá sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kò jẹ́ kó bọ́.

"Ọmọ mi," ó wí sí i létí, "tí wọ́n bá fẹ́ tún ìwé yẹn tẹ̀, kọ ẹsẹ̀ mi sí i."