Ohùn Ìdí Igi Obì

Ọmọ oṣù mẹ́jọ tó ń dá sọ̀rọ̀ kì í dúró gba èsì. Ayọ̀mikún ń dúró. Lórí ẹní tí Ìbíwùmí ìyá rẹ̀ tẹ́ fún un sí ìdí igi obì, nínú oko kòkó wọn lẹ́yìn Ìgbàrà-Odò, yóò ní, "A-gú." Yóò dákẹ́, yóò tẹ́tí, lẹ́yìn náà yóò bú sẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ dídùn fún.

"Mọ́ dá a lóhùn, ìyàwó," ni ìyá ọkọ Ìbíwùmí máa ń wí, láìgbójú sókè níbi tó ti ń fọ́ kòkó. "Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀run rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Bí o bá já lu ọ̀rọ̀ wọn, wọn á mú un lọ sí ulé wọn. Ṣebí mo ti ní kí o gbé e kúrò ní ìdí igi yẹn?"

Ohun tí màmá wí nígbà ayé Ìyanu náà nìyẹn. Ìyanu ni àkọ́bí Ìbíwùmí. Ó fún un lọ́mú, ó pọ̀n ọ́n, àmọ́ kò dá a lóhùn rí. Ìyàwó tó gbọ́ràn ni, wọ́n ń yìn ín. Ọdún méjì ni Ìyanu lò láyé kí ibà tó mú un lọ, kò fẹnu pe ẹnikẹ́ni rí. Àwọn ọkùnrin ló lọ sin ín, nítorí wọn kì í fi sàréè ọmọ han ìyá rẹ̀.

Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Lóṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì tó fún Ayọ̀mikún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára sọ fún Ìbíwùmí pé, "Ohun tó bá wí ni kí o wí. Kí o wá dúró, kí ó sọ tirẹ̀. Ẹni tó bá ń dá ọmọ lóhùn lọmọ ń tẹ̀lé."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, Ìbíwùmí ju kùmọ̀ tó fi ń fọ́ kòkó sílẹ̀. Ó tó gẹ́ẹ́! Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ọmọ.

"A-gú," ni Ayọ̀mikún wí fún igi.

"A-gú, Àkànní mi. Kí lo rí?"

Ọmọ yíjú sí i, ó wò ó títí. "Bà-bà."

"Bà-bà-bà!" Ayọ̀ gba ọkàn Ìbíwùmí, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ni gbogbo ẹyẹ oko bá dákẹ́. Ohùn kékeré kan, tó há bí ohùn ẹni tí kò sọ̀rọ̀ rí, jáde láti ìdí igi. "Bà-bà-bà." Ó dúró díẹ̀. "Màámi."

Ọwọ́ màmá, tí omi kòkó ṣì ń kán lára rẹ̀, bo Ìbíwùmí lẹ́nu. "Mọ́ jẹ́! Mọ́ jẹ́ o! Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí."

Òtútù mú Ìbíwùmí nínú oòrùn ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ni inú bí i. Ọdún méjì lọmọ òun fi dúró gba èsì, tí òun ìyá rẹ̀ ń ṣe bí adití. Àbúrò rẹ̀ nìkan ló wá rí bá sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ mú ọwọ́ yín kúrò. Ọmọ mi ni mo fẹ́ dá lóhùn." Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí ilẹ̀ ìdí obì. "Ìyanu, mo gbọ́. Mo gbọ́ ẹ, ọkọ mi."

Ẹnikẹ́ni kò mú Ayọ̀mikún lọ. Ó ti ń pe nǹkan lórúkọ báyìí. Bí Ìbíwùmí bá kí i nínú ilé láàárọ̀, á dáhùn. Ìyá á sì dúró díẹ̀ kó tó tún sọ̀rọ̀, kí ohùn kejì, èyí tó há nì, lè parí tirẹ̀.