Télọ̀ Tó Bá Òkú Fọwọ́ Síwèé

Ọ̀rẹ́ mi, jókòó díẹ̀, kí n sọ ti télọ̀ kan fún ọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ojúkòkòrò ti gba ọkàn rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, ó gbé ìwé ìhágún kan jáde pé òun ni olóògbé fi ilé sílẹ̀ fún. Opó àti ọmọ mẹ́ta, kí wọ́n kó káńgárá wọn jáde! Irọ́ gbuu ni. Òun ló kọ ọ́, tó bá òkú fọwọ́ sí i, tó sì bẹ bíríkìlà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó ṣe ẹlẹ́rìí.

Akọ̀wé kóòtù yẹ ìwé náà wò. "Ọ̀gá, opó ti mú káàdì ọsibítù wá. Ọwọ́ ọ̀tún olóògbé ti rọ lọ́dún méjì ṣáájú ọjọ́ tí ẹ kọ síbí. Ìka ló ń tẹ̀ síwèé látìgbà náà. Ẹ lọ mú ẹlẹ́rìí yín wá, kó wá búra."

Òógùn bo télọ̀. Háà! Ṣé òun kọ́ ló ń rán ẹ̀wù tí kò ní bọ́tìnnì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí ọwọ́ yẹn? Ojúkòkòrò ò jẹ́ kó rántí.

Ó sáré lọ bá bíríkìlà. "Gbà mí o! Ìbúra ẹyọ kan péré ni."

Bíríkìlà nu sìmẹ́ǹtì ọwọ́ rẹ̀. "Mo ti gba Jésù lóṣù tó kọjá. Èmi náà jẹ̀bi. Bí wọ́n bá pè mí, òótọ́ ni n ó sọ."

"Ṣé ẹ̀wọ̀n lo fẹ́ kí n lọ ni?"

"O ti wà nínú rẹ̀. Jésù nìkan ló lè yọ ọ́."

Télọ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Bó bá sá, ibo ni yóò sá gbà? Ó wó lulẹ̀ láàárín aṣọ oníbàárà, ó ń sunkún. "Jésù, olè ni mí! Àwọn aláìníbaba ni mo fẹ́ jà lólè. Ṣàánú mi!"

Ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú opó. "Ìyàwó wa, èmi ni mo kọ ìwé ìhágún yẹn." Ó gba kóòtù lọ, ó jẹ́wọ́. Ilé di ti opó àtàwọn ọmọ. Òun náà jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, àmọ́ ọkàn rẹ̀ balẹ̀, torí Jésù ti dárí jì í.

Ìwọ tó ń kàwé yìí ńkọ́? Kí lo fi pa mọ́? Ìwé ìhágún kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ẹni tó ṣe é bá kú. Jésù ti kú nítorí rẹ. Ó sì tún jí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń pín ogún tó fi sílẹ̀: ìdáríjì àti ìyè àìnípẹ̀kun. Wá jẹ́wọ́ fún un lónìí, kí wọ́n tó pe ẹjọ́ tìrẹ.